Fíùsì Ọkọ̀: Ohun Kékeré Tí Ó Ń Dáàbò Bo Ẹ̀mí Lójú Ọ̀nà Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fíùsì inú ọkọ̀ rí. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun ni ó dúró láàárín bátìrì àti iná tí ó lè jó odindi ọkọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin èrò tí ń rìn láàárín Ìkàrẹ́, Àkùngbá àti Ọ̀kà Àkókó sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa. Ẹni tí iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ bá kú lójijì lálẹ́ níbi tí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kò ní àyè púpọ̀ láti ronú.

Iṣẹ́ tí fíùsì ń ṣe

Irin tín-ín-rín kan wà nínú fíùsì. Bí iná tí ń gba ibẹ̀ kọjá bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, irin náà yóò yọ́, yóò sì já, kí wáyà má baà gbiná. Nọ́ńbà orí rẹ̀ ni ìwọ̀n iná tí ó lè gbà, ní áńpìà. Nínú àwọn fíùsì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó wọ́pọ̀, 10 jẹ́ pupa, 15 jẹ́ búlúù, 20 jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, 30 sì jẹ́ àwọ̀ ewé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Gílóòbù iwájú méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 55 wáàtì jẹ́ 110 wáàtì. Lórí bátìrì 12 fólítì, iná tí wọn yóò fà ju áńpìà 9 lọ díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi fíùsì 30 sí ibi tí 15 yẹ kí ó wà, wáyà lè gbóná títí tí rọ́bà ara rẹ̀ yóò fi yọ́ kí fíùsì tó já. Wáyà gan-an ni ó di fíùsì nígbà náà.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́. Àpótí fíùsì sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù àti lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítòsí bátìrì. Àwòrán inú ìdérí rẹ̀ ń sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ èyí tí ẹ fura sí, kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: bí irin inú rẹ̀ bá ti já, tàbí tí ó ti dúdú, ó ti jó. Ẹ fi òmíràn tí ó ní nọ́ńbà kan náà rọ́pò rẹ̀.

Bí kò bá sí èyí tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ lè yá ti rédíò bí nọ́ńbà wọn bá dọ́gba. Ẹ má ṣe yá ti iná bíréèkì tàbí ti wáípà. Ẹ má sì ṣe fi wáyà, ìṣó tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá dí àyè fíùsì láé.

Bí èyí tuntun náà bá tún jó, ẹ má ṣe fi ẹ̀kẹta sí i. Ó lè jẹ́ pé wáyà kan ti bó, tí ó ń kan irin ọkọ̀, pé eku ti jẹ ẹ́, tàbí pé iná àfikún àti họ́ọ̀nù ńlá tí a so mọ́ ọn ti pọ̀ jù. Iṣẹ́ rìwáyà nìyẹn. Ìkánjú àti sùúrù, ọgbọọgba ni.

Bí èéfín bá yọ

Ẹ̀yin èrò, bí ẹ bá gbọ́ òórùn rọ́bà tí ń jó, ẹ tètè sọ fún awakọ̀. Kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo ènìyàn sì bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí ọkọ̀. Ẹ má ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbàgà, nítorí afẹ́fẹ́ yóò ran iná lọ́wọ́. Ẹ pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122, tàbí 112.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ fi fíùsì mélòó kan àti ohun èlò ìpaná sínú ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò ní gáréèjì. Ẹ̀mí àwọn èrò wà lọ́wọ́ yín.