Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Alágbára Ńlá: Ẹ̀kọ́ fún Ilé Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni

Ìfáàrà
Ẹni tó bá fẹ́ fi iye owó gàrí Yerwa wé ti Ìbàdàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá òṣùwọ̀n méjèèjì dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbára ńlá, èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ ìṣirò inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣàlàyé ìdí tí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kò fi lè sọ èyí tó dára jù.

Eré
Láti ọdún 1993 ni àkójọ TOP500 ti ń jáde, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Iṣẹ́ kan náà, LINPACK, ni wọ́n ń fún gbogbo kọ̀ǹpútà: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣirò ìdọ́gba tó so kọ́ra. Lórí rẹ̀, Fugaku ti ilẹ̀ Jàpáànù ṣe ìṣirò bílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù 442 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n lórí òṣùwọ̀n mìíràn, HPCG, bílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù 16 péré ló ṣe. Kí ló fà á? Bí ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù fún bíríkìlà kò bá tètè dé, bó ti wù kí bíríkìlà yára tó, yóò dúró. Nínú iṣẹ́ HPCG, ẹ̀rọ ìṣirò máa ń dúró de nọ́ńbà tí wọ́n ń kó bọ̀ láti inú ìrántí kọ̀ǹpútà.

Owó àti iná
Ní ọdún 1989, Philip Emeagwali, ọmọ Nàìjíríà, gba ẹ̀bùn Gordon Bell ní ìsọ̀rí tó ń fi eré wé owó. Láti ọdún 2007 ni àkójọ Green500 sì ti ń wo iye iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń fi ìwọ̀n iná kan ṣe. Èyí kan Yerwa gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, àwọn agbésùnmọ̀mí ba òpó iná jẹ́, ìlú sì wà láìsí iná ìjọba fún ìgbà pípẹ́. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń gbé iṣẹ́ ró, kọ̀ǹpútà tó yára ṣùgbọ́n tó ń jẹ iná lè di ẹrù.

Àgbálọgbábọ̀
Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa tó ra kọ̀ǹpútà, a dábàá pé kí á má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tiwa gan-an, bí àkójọ èsì ìdánwò, lẹ́ẹ̀mẹta. Kí á yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò, kí á ka àkókò, kí á wọn iná tó jẹ, kí á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ló yẹ kó yan òṣùwọ̀n fún wa.