Ìtàn Tí Òkè Ń Jẹ́rìí Sí

Mo pa àlọ́ fún ọmọ-ọmọ mi kan lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá, níbo ló ti ṣẹlẹ̀?" Mi ò rí èsì fọ̀. Àwọn Ktunaxa rí tiwọn fọ̀.

Gúúsù-ìlà-oòrùn British Columbia ní Kánádà ni ilẹ̀ wọn wà, ó dé Montana àti Idaho l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí ènìyàn tó wà, ẹ̀dá abàmì inú omi kan, Yawuʔnik̓, ń pa àwọn ẹranko jẹ. Wọ́n pàdé pọ̀, wọ́n lé e yípo nínú odò Kootenay àti Columbia, ọwọ́ ò tẹ̀ ẹ́. Òmìrán kan wà, Naⱡmuqȼin, tó ga débi pé ńṣe ló ń rákòrò kí orí rẹ̀ má baà gbá sánmà. Àgbà kan, Kik̓um, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó dẹ́kun eré, kó dí odò. Naⱡmuqȼin fi orúnkún wó lára òkè, ó fi dí i níbi tí wọ́n ń pè ní Canal Flats lónìí. Bí wọ́n ṣe rí Yawuʔnik̓ pa nìyẹn. Wọ́n pín ẹran rẹ̀ kárí. Egungun ìhà rẹ̀ di àwọn òkè ṣóńṣó tó wà nítòsí Columbia Lake. Naⱡmuqȼin fi lára ìyókù dá onírúurú ènìyàn. Ayọ̀ pọ̀ lápọ̀jù, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó nàró. Orí rẹ̀ gbá sánmà, ó kú.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ ibẹ̀: agbára ò tó láìsí ìmọ̀ràn àgbà, ohun tí a jọ pa, ká jọ pín in, ará kan náà ni gbogbo ènìyàn, ọjọ́ ìṣẹ́gun gan-an ló yẹ ká ṣọ́ra.

Ní 1912, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ St. Eugene nítòsí Cranbrook. Wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí lọ síbẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ èdè wọn. 1970 ni wọ́n tó tì í. Ẹ rò ó wò: ìran mélòó ni kò gbọ́ ìtàn lẹ́nu ìyá? Ṣùgbọ́n òkè ò kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó bá kọjá tó bá béèrè, àgbà á nàka sí i, ìtàn á tún bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ti mú ọmọ-ọmọ mi lọ sétí odò ìlú wa. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, mo tún àlọ́ náà pa. Kò bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́?