Gbohùngbohùn Orí Alùpùpù: Ta Ni Yóò San Owó Ohun Tí Ó Jóná?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀ràn kan délẹ̀ tí a kò lè ṣàì mú wá sí gbangba, nítorí pé bí a bá bò ó mọ́lẹ̀ lónìí, yóò tún ṣẹlẹ̀ nínú ààwẹ̀ mìíràn. Ní ìlú kékeré kan láàrin Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ní apá àríwá Èkìtì, àwọn ọ̀dọ́ jámáà kan dá owó jọ, wọ́n ra áńpílífáyà pẹ̀lú gbohùngbohùn oníwo, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu kàkàkí, wọ́n sì dè é mọ́ alùpùpù arákùnrin kan tí ó ń fi ọ̀kadà wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Èrò wọn ni pé kí wọ́n máa fi jí àwọn ènìyàn sí sààrì. Òru mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe é. Ní òru kẹta, wáyà abẹ́ ìjókòó gbóná títí ó fi yọ́, èéfín sọ, iná iwájú kú, bátìrì kú, alùpùpù náà kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba pé epo inú táńkì kò gbiná. Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní nítorí Ọlọ́run ni arákùnrin náà fi alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ gba èrè rẹ̀ ní ọ̀run. Àwọn mìíràn ní jámáà ni ó jẹ gbèsè.

Àwa fúnra wa lọ síbẹ̀, a sì fi ọwọ́ wa di wáyà náà mú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ sọ pé èrò àwọn ọ̀dọ́ náà burú. Rárá o. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ wa láti Ìdó dé Ìfàkì, láti Ìfàkì dé Ọ̀yẹ́, Ayédé àti Ìkọ̀lé, mọ̀ pé orí òkè àti inú kòtò ni a kọ́ ilé sí. Gbohùngbohùn orí mọ́sáláṣí lè máa dún bí àrá ní ìdí ọjà, kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn àpáta má gbọ́ ju ìró ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò lọ. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni àwọn ajísààrì fi ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, pẹ̀lú agolo, agogo àti ìlù. Láti inú wéré wọn náà ni fújì ti jáde, èyí tí olóògbé Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2010, sọ di ohun tí ayé mọ̀. Àwọn tí ń ta agbo kiri abúlé sì ti fi ọ̀nà tuntun hàn wá tipẹ́: alùpùpù kan, ìwo kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, wọn a sì ti yí ìlú mẹ́ta ká kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ohun tí ó dára nínú ọ̀nà yìí ni pé alùpùpù ni ó ń gbé ohùn lọ bá onílé. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti ṣìnà. Wọ́n wá ohun tí yóò dún láti òkè kan dé òkè kejì, wọ́n gbàgbé pé táyà alùpùpù ti ṣe iṣẹ́ náà fún wọn. Bí ohùn kan bá ń dún dáadáa létí ẹni tí ó wà ní mítà 20, kí ó tó lè dún bẹ́ẹ̀ létí ẹni tí ó wà ní mítà 40, agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin; fún ẹni tí ó wà ní mítà 80, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Owó ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n kí alùpùpù rìn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún, epo díẹ̀ ni.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n rà. Wọ́n kọ 1,000 wáàtì gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Fóltì 12 ni bátìrì alùpùpù, fíúsì tí ó wà lẹ́yìn áńpílífáyà náà sì jẹ́ ti ámpù 10. Bí a bá sọ 12 di ìlọ́po 10, yóò di 120. Wáàtì 120 yìí ni gbogbo agbára tí ó lè máa wọlé láìjẹ́ pé fíúsì já, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tí yóò tún ṣòfò di ooru, bí áńpílífáyà náà bá jẹ́ irú ti àtijọ́. Níbo wá ni 1,000 ti wá? Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí, kí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí ó ka fíúsì, kí ó fi páálí sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Bátìrì alùpùpù kékeré tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn kì í sábà ju èyí tí ó lè fún wa ní ámpù 5 fún wákàtí kan lọ. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ a máa tó 45, ó sì lè ju 70 lọ. Àwọn kan yóò sọ pé ẹ́ńjìnnì ṣáà ń ṣiṣẹ́, bátìrì yóò máa gba iná padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yára yí tó ni iná tí ó ń pèsè ń pọ̀ tó, ajísààrì kì í sì í sáré. Jẹ́jẹ́ ni ó ń rìn, a dúró níhìn-ín, a dúró lọ́hùn-ún, iná iwájú a sì máa tàn nítorí òru ni, gílóòbù yẹn nìkan sì lè gba nǹkan bí wáàtì 35. Ohun tí ń jáde ju ohun tí ń wọlé lọ. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni bátìrì bẹ́ẹ̀ ń kú. Díẹ̀díẹ̀ ni, títí di ọjọ́ tí a óò tẹ kíkì títí ẹsẹ̀ yóò fi wú.

Ṣùgbọ́n bátìrì kọ́ ni ó mú iná jáde. Ríwáyà tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò fa wáyà ọ̀tọ̀ láti orí bátìrì. Ara wáyà iná iwájú, tí ó tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ, ni ó so ó mọ́. Ní òru kejì, wọ́n tún so ìwo kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná ní ìlọ́po méjì. Fíúsì já. Dípò kí wọ́n bi ara wọn léèrè ìdí tí ó fi já, wọ́n yọ ọ́ sọnù, wọ́n fi wáyà bàbà dí ojú rẹ̀. Ẹ̀yin ará, a bẹ yín, ẹ má ṣe irú èyí láé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún yín. Iṣẹ́ fíúsì ni láti kọ́kọ́ já. Nígbà tí kò sí mọ́, wáyà abẹ́ ìjókòó ni ó gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kò sì ju ìwọ̀n apá kan lọ láti ibẹ̀ dé táńkì.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é? Kí wọ́n má tilẹ̀ fọwọ́ kan iná alùpùpù rárá. Bátìrì kan wà tí a dé pa, fóltì 12 ni, ó sì lè fúnni ní ámpù 7 fún wákàtí kan nínú ìṣirò. Òun ni wọ́n ń lò nínú àpótí tí ń gba kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Ìwúwo rẹ̀ kò ju kílò méjì àti díẹ̀ lọ. Kí a fi òun àti áńpílífáyà sínú àpótí igi kan, kí fíúsì wà lórí wáyà pupa nítòsí ẹnu bátìrì, kí a sì máa gbà á ní iná nínú ilé lọ́sàn-án. Kí áńpílífáyà náà jẹ́ ti wáàtì 20 sí 30, irú ti òde òní tí wọ́n ń pè ní Class D, tí kì í fi iná ṣòfò. Ìwo kan ti tó. Ìwo tí ó dára lè dún ju désíbẹ́ẹ̀lì 100 lọ ní mítà kan pẹ̀lú wáàtì kan ṣoṣo, nígbà tí sípíkà olójú pẹrẹsẹ nílò ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ kí ó tó lè bá a dọ́gba. Èyí tún ní àǹfààní mìíràn: ariwo ẹ́ńjìnnì, tí ń hó bí yànmùyánmú nínú sípíkà nígbà tí a bá so ó mọ́ iná alùpùpù, yóò dákẹ́.

Ní ti dídè é, kí wẹ́dà ṣe irin pẹlẹbẹ sí orí kẹ́ríà ẹ̀yìn, kí a tẹ́ awẹ́ tíúbù àtijọ́ sábẹ́ àpótí kí gbígbọ̀n má bàa tú àwọn nǹkan inú rẹ̀. (Ìrè kò jìnnà sí wa, ìlú tí a fi Ògún mọ̀. A kì í bọ irin o, ṣùgbọ́n kò yẹ kí iṣẹ́ irin ṣòro fún ará Èkìtì.) Kí ẹnu ìwo kọjú sí ẹ̀yìn, kí ó sì tẹ̀ díẹ̀ sí ilẹ̀ kí omi má bàa dúró sínú rẹ̀. Ẹni tí ó mú máìkì kò gbọ́dọ̀ dúró níwájú ìwo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa ké fíìì. Bí ó bá ṣòro fún wọn, ní Ìkọ̀lé ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, wà. Ó yẹ kí wọ́n rí akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí kan níbẹ̀ tí yóò bá wọn ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó náwó.

A gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ etí kún un. Àwọn tí ń mójú tó ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní wákàtí mẹ́jọ ni ènìyàn lè wà nínú ariwo désíbẹ́ẹ̀lì 85 lójúmọ́, bí ó bá sì fi 3 pọ̀ sí i, kí a pín àkókò náà sí méjì. Ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ẹni tí ń wa alùpùpù náà ni ó sún mọ́ ìwo jù. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn. Àwọn aládùúgbò náà sì wà níbẹ̀. Ní agbègbè yìí, àwọn Onígbàgbọ́ pọ̀ jù wá lọ, ilé kan náà ni a sì jọ ń gbé. Ọmọ ọwọ́ kò gbààwẹ̀, aláìsàn tí ó wà ní ilé ìwòsàn Ìdó kò gbààwẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka ìmọ̀ràn tí Lukmọ́ọ̀nù fún ọmọ rẹ̀ nípa ohùn ní Súrà 31 kò ní bínú sí wa. Ilẹ̀ Saudi fúnra rẹ̀ pàṣẹ ní oṣù kárùn-ún ọdún 2021 pé kí gbohùngbohùn ìta mọ́sáláṣí má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ.

Nísinsin yìí, ta ni yóò san owó? Èrò tiwa ni pé jámáà ni. Alùpùpù ni arákùnrin náà fi tọrẹ fún òru díẹ̀, kò fi oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ tọrẹ. Òun kọ́ ni ó yan áńpílífáyà, òun kọ́ ni ó pe ríwáyà, òun kọ́ ni ó ní kí wọ́n so ìwo kejì. Nígbà tí fíúsì já, ó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò le tó. A sọ èyí lójú àwọn àgbà mọ́sáláṣí, Lẹ́mọ́ọ̀mù sì gbà pẹ̀lú wa. Wọ́n ti san owó wáyà àti owó iṣẹ́. Ó ku owó bátìrì. Akápò ní kí ó ní sùúrù di ẹ̀yìn Jímọ̀ọ̀ tí ń bọ̀, nígbà tí wọn yóò tún gbé igbá yí ká. Ẹsẹ̀ ni arákùnrin náà fi rìn lọ sí oko rẹ̀ ní ọjọ́ tí a kúrò níbẹ̀.