Ọ̀rọ̀ Sí Ẹni Tí Ń Ta Gìtá Pẹ̀lú Ọwọ́ Tí Ó Ti Ṣẹ́ Rí

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Kì í ṣe awọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ó bá egungun wí pẹ̀lú. Ẹni tí ó ṣubú láti orí kẹ̀kẹ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbalẹ̀, tí a sì di ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi jinná, lè kọ̀wé, ó lè gbé ẹrù, ó sì lè bọ ènìyàn lọ́wọ́, láìrántí pé ohunkóhun ṣe òun rí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó gbé gìtá lé itan fún wákàtí kan péré, ọrùn ọwọ́ náà yóò rán an létí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní àárín wa ju bí a ti rò lọ. Wọ́n ń ta gìtá níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, wọ́n sì ń ta á nínú yàrá wọn ní alẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ọ̀fíìsì bá parí. Bí ìrora bá dé, àwọn kan a wa eyín pọ̀, wọn a sì máa ta á lọ. Àwọn mìíràn a gbé gìtá kọ́ sára ògiri, wọn a ní ó parí. Ní tèmi, ọ̀nà méjèèjì ni kò tọ́. Gìtá ni ó yẹ kí ó tọ ọwọ́ lọ, kì í ṣe ọwọ́ ni ó yẹ kí ó máa tọ gìtá lọ.

Ẹ gbọ́ ìtàn ará Amẹ́ríkà kan ná, Les Paul, ẹni tí a bí ní ọdún 1915, tí ó lókìkí púpọ̀ nínú àwọn tí ń ta gìtá oníná. Ní oṣù January 1948, ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ó sì já bọ́ láti orí afárá. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fọ́ yángá. Àwọn dókítà tilẹ̀ rò ó bóyá kí wọ́n gé apá náà. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn lè dá apá sí, ṣùgbọ́n pé oríkèé náà kò ní lè nà bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè ká mọ́ láé, Les Paul ní kí wọ́n to egungun náà kí ó ká síwájú, bí ìgbà tí ènìyàn gbá gìtá mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 94. Ní 1951, orin tí òun àti Mary Ford kọ gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di arúgbó, tí làkúègbé ti mú ìka rẹ̀, a ṣì ń rí i ní alẹ́ ọjọ́ Ajé ní New York tí ó ń ta gìtá fún àwọn èrò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní kí a lọ sọ fún dókítà kí ó ká apá wa. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé, lórí ibùsùn àìsàn, ọkùnrin yìí ronú ohun tí púpọ̀ nínú wa kì í rò: iṣẹ́ wo gan-an ni ọwọ́ yìí yóò máa ṣe bí mo bá dìde?

Ó dára kí a mọ ohun tí ó wà nínú ọrùn ọwọ́. Egungun wẹ́wẹ́ 8 ni ó wà níbẹ̀, ní ìlà méjì. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó wà ní ìhà àtàǹpàkò, tí ó sì rí bí kóró kajú, ni ó sábà máa ń ṣẹ́ jù lọ bí ènìyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbalẹ̀. Ẹlẹ́tàn ni egungun yìí. Àwòrán X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má fi hàn pé ó ṣẹ́, èyí ni ó mú kí àwọn dókítà máa sọ pé kí aláìsàn padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Láti ìhà ìka sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wọlé, tí ó ń ṣàn padà sí ìhà apá. Nítorí náà, bí ó bá ṣẹ́ ní agbedeméjì, ìdajì tí ó wà ní ìhà apá lè ṣàìrí ẹ̀jẹ̀ tó, kí ó má sì so mọ́ èkejì. Ẹni náà yóò wí pé òun kàn fi ọwọ́ rọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí oríkèé náà tó gbó, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ẹ na àtàǹpàkò yín dáadáa. Ẹ ó rí kòtò kékeré kan ní ìdí rẹ̀, níbi tí àwọn tí ń fa aáṣáà símú máa ń da aáṣáà sí. Lẹ́yìn ìṣubú, bí a bá tẹ inú kòtò náà tí ó sì dunni gidigidi, kí a má fi ṣeré. Èmi kò bá àwọn baba wa tí ń to egungun jà. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí ń rìn ní ìlú lónìí, ọwọ́ wọn ni ó ti jinná. Ṣùgbọ́n egungun tí ojú kò rí, tí ìka kò sì lè dì mú, ìyẹn kọjá igi àti okùn. Bí a bá sì dì í le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ìka mọ́.

Nísisìyí, ẹ ká ọrùn ọwọ́ yín sínú bí ó ti lè ká tó, kí ẹ wá di ẹ̀ṣẹ́. Kò sí agbára níbẹ̀. Ẹ tún un gbé tọ́, kí ó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ dì í lẹ́ẹ̀kejì: agbára ti padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí lára gìtá. Ẹni tí ó gbé e lé itan ọ̀tún, tí ọrùn gìtá sì nà gbọọrọ bí igi àjà, kò lè ṣàìká ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ kí ìka rẹ̀ tó dé orí okùn tí ó nípọn. Ọwọ́ tí kò ní àpá lè fara dà á. Èyí tí ó ní àpá kò ní lè ṣe é fún orin mẹ́ta.

Nítorí náà, ìjókòó ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Kí a gbé gìtá lé itan òsì, kí a fi àpótí kékeré sí abẹ́ ẹsẹ̀ òsì, kí orí gìtá lè gòkè dé déédéé èjìká. Francisco Tárrega, ará Spéìn (1852–1909), wà nínú àwọn tí ó sọ ìjókòó yìí di àṣà. Ẹni tí ń ta á lórí ìdúró, kí ó fa okùn èjìká rẹ̀ kúrú. Mo mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ ni ó jẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ kí gìtá máa rọ̀ dé ìdí orúnkún; ó dára lójú àwọn omidan, ṣùgbọ́n kì í ṣe omidan ni ọrùn ọwọ́ yóò máa ro ní òru.

Lẹ́yìn èyí, kí a wo bí a ti ń tẹ okùn. Púpọ̀ ń fún ọrùn gìtá bí ẹni ń fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí ìka bá wà lẹ́yìn irin wẹ́wẹ́ náà gẹ́rẹ́, agbára díẹ̀ ni yóò tó. Okùn ọ̀rá rọ̀ ju okùn irin lọ, okùn irin tín-ín-rín sì rọ̀ ju èyí tí ó nípọn. A lè dẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí a sì fi kápò há ọrùn gìtá kí ohùn lè padà sí ipò rẹ̀. Àwọn kan a máa fi pẹ́ńsù àti rọ́bà ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tí ó ní dandan ni kí a fi ìka kan tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́lẹ̀. Django Reinhardt, tí a bí ní Bẹ́ljíọ́mù ní 1910, jẹ́ ẹni ọdún 18 nígbà tí iná jó ilé onítáyà tí ó ń gbé ní 1928. Ìka méjì ní ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ. Ìka méjì tí ó kù ni ó fi ń sáré lórí okùn, tí gbogbo Yúróòpù fi ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ láti 1934 lọ. Okùn méjì tàbí mẹ́ta tí a tẹ̀ dáadáa dùn ju mẹ́fà tí a fi ẹkún tẹ̀.

Ní ti ọwọ́ ọ̀tún, àwọn ará wa kò ṣàìní ọ̀nà. Àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e nìkan ni àwọn olórin ìdí ẹmu fi ń ta tiwọn, èyí tí a sọ pé àwọn Kúrú atukọ̀ láti Làìbéríà ni ó mú wá sí etíkun yìí. Àárín okùn ni ìka ń gbọ̀n, ọrùn ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mì. Ohun tí ó ń pa ọwọ́ ni ariwo agbo tí ń mú kí a máa gbá okùn kíkankíkan. Láti ìgbà tí Àyìndé Bákàrè ti so ẹ̀rọ agbóhùnsókè mọ́ gìtá jùjú ní 1949, ìdí fún ìyẹn ti dínkù.

Ọ̀rẹ́ mi kan, télọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣẹ́ nígbà èwe lórí igi àgbálùmọ̀. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni ó burú jù fún un, nítorí pé ìsọmọlórúkọ kì í dúró de oòrùn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó ń ki ọwọ́ bọ̀ kí ó tó jáde, orin tí ó rọ̀ ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti sọ fún àwọn tí ń pè é pé lẹ́yìn wákàtí kan, ìlù ni yóò máa bá a lọ títí òun yóò fi sinmi. Olówó kan bínú, ó sì pe ẹlòmíràn. Owó náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìrora tí ó bá lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò kà á sí. Èyí tí ó bá bá a jí ní ọjọ́ kejì, ó ń dín àkókò kù nítorí rẹ̀. Kò sì jẹ́ lo oògùn ìrora kí ó tó jókòó ti gìtá, nítorí oògùn náà a máa pa ẹnu ọwọ́ mọ́ nígbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀.

Àmì kan wà tí kò yẹ kí a fi ṣe ìwòsàn ilé. Iṣan 9 tí ń fa ìka àti iṣan ìmọ̀lára kan ni ó jọ ń gba ojú ihò tóóró kan ṣoṣo kọjá nínú ọrùn ọwọ́. Egungun tí ó ti ṣẹ́ rí lè mú kí ihò náà fún sí i. Bí àtàǹpàkò àti ìka méjì tí ó tẹ̀ lé e bá ń kú tipiri, tí ó ń jí ènìyàn lóru, tàbí bí nǹkan bá ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni láìròtẹ́lẹ̀, kí a lọ sí ilé ìwòsàn láìpẹ́. Kí a sọ ọdún tí a ṣubú, àti bí a ti ṣubú. Kí a sì gbé gìtá dání, kí a jókòó níwájú dókítà bí a ti ń jókòó nílé, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe.