Iyùn tí ó ń kú nínú àpótí omi

Gbogbo wa ni a mọ iyùn. Àwọn ọba wa ń wọ̀ ọ́ sí ọrùn. Ìyàwó ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé òkúta lásán ni. Iyùn kì í ṣe òkúta. Ẹranko ni, inú òkun ni ó sì ń gbé. Egungun rẹ̀ ni àwọn oníṣọ̀nà ń gé, tí wọ́n ń dá ihò sí, tí wọ́n sì ń dán títí ó fi di ìlẹ̀kẹ̀.

Ní ilẹ̀ Faransé àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń sin ìbátan iyùn yìí nínú ilé wọn. Wọn a ra àpótí gíláàsì, wọn a bu omi oníyọ̀ kún un, wọn a sì gbé iná tí ó mọ́lẹ̀ gidigidi lé e lórí. Ní ìlú Monaco, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Òkun kan wà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1910. Wọ́n ń tọ́jú iyùn ààyè níbẹ̀ nínú àpótí ńláńlá. Ṣùgbọ́n àpótí inú ilé lè má gbà ju lítà 60 lọ, èyí tí kò ju garawa onílítà 20 mẹ́ta lọ. Omi púpọ̀ kì í tètè bàjẹ́. Omi kékeré kì í pẹ́ bàjẹ́.

Báwo ni iyùn ṣe ń jẹun? Ewéko kan wà tí ó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀. Ewéko náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀, ó ń fi í ṣe oúnjẹ, ó sì ń fún iyùn nínú oúnjẹ náà. Iyùn náà fún un ní ilé. Ewéko yìí wà lára ohun tí ó ń fún iyùn ní àwọ̀. Bí omi bá gbóná jù, tàbí bí ìdààmú mìíràn bá dé, iyùn a lé ewéko náà jáde. Nígbà náà ni ara rẹ̀ yóò funfun.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé onílé kan jí ní òwúrọ̀, ó sì rí i pé iyùn rẹ̀ ti funfun. Ọ̀rọ̀ owó ni, nítorí iyùn wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí: ó ti kú ni, tàbí ó ń ṣàìsàn? Funfun méjì ni ó wà. Bí ẹran ara bá ṣì bo egungun, tí ọwọ́ rẹ̀ kéékèèké sì ń yọ jáde ní alẹ́, iyùn náà wà láàyè. Ebi ni ó ń pa á. Ṣùgbọ́n bí ẹran ara bá ti bó kúrò, tí egungun sì wà ní ìhòòhò, ibẹ̀ ti kú.

Ìkánjú ni ọ̀tá iyùn tí ń ṣàìsàn. Ẹlòmíràn a da oògùn sínú omi. Ẹlòmíràn a da gbogbo omi nù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn a máa gbé iyùn náà láti ìhín sí ọ̀hún. Gbogbo èyí a máa mú ikú yá. Inú omi ni àìsàn iyùn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, omi ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Omi òkun ní iyọ̀ tí ó tó gíráàmù 35 nínú lítà kan. Bẹ́ẹ̀ ni iyùn fẹ́ ẹ. Nínú àpótí kékeré, omi ń gbẹ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Ó dà bí ọbẹ̀ tí a gbàgbé sórí iná: bí omi rẹ̀ ti ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ lẹ́nu. Nítorí náà, omi tí kò ní iyọ̀ ni a fi ń rọ́pò èyí tí ó gbẹ. Ẹni tí ó bá fi omi oníyọ̀ rọ́pò rẹ̀ ń fi iyọ̀ kún iyọ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a wọn ooru omi náà. Digirí 24 sí 27 ni ó dára. Kí a wo oúnjẹ ẹja pẹ̀lú. Èyí tí ẹja kò jẹ tán a máa jẹrà, a sì máa sọ omi di májèlé. Àwọn tí ń sin ẹja àrọ̀ ní ìlú wa mọ èyí dáradára. Oògùn ẹja tí ó ní bàbà nínú lè pa iyùn. Iná tuntun tí ó lágbára jù lè jó o. Iyùn mìíràn tí ó wà nítòsí sì lè ta á, nítorí ọ̀pọ̀ iyùn ní oró bí agbọ́n.

Bí a bá ti mọ ibi tí ìṣòro wà, kí a ṣe àtúnṣe díẹ̀díẹ̀. Kí a pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi náà. Nínú lítà 60, lítà 6 ni èyí. Kí iyọ̀ àti ooru omi tuntun bá ti àtijọ́ mu. Kí a fi èédú tí wọ́n ṣe fún sísẹ́ omi sínú ẹ̀rọ, kí ó lè fa májèlé mọ́ra. Kí a dín iná kù, ṣùgbọ́n kí omi máa ṣàn. Lẹ́yìn náà, kí a dúró. Ó lè tó oṣù mélòó kan kí àwọ̀ iyùn tó padà.

Bí ẹran ara bá ń bó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kò sí àkókò fún ìdúró. Kí a gé ẹ̀ka tí ó ṣì dá ṣáṣá. Ibi tí ara ti le ni kí a ti gé e, kì í ṣe ibi tí ó ti ń bàjẹ́. A óò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta kékeré. Ẹ̀ka náà lè dàgbà di odidi iyùn, bí igi ẹ̀gẹ́ tí a gé tí a sì tún gbìn. Ṣùgbọ́n kí a wọ ìbọ̀wọ́, nítorí májèlé àwọn iyùn rírọ̀ kan lágbára púpọ̀. Kí a má sì ṣe se òkúta tí wọ́n lẹ̀ mọ́: ooru rẹ̀ tí ènìyàn bá fà símú lè dá a dùbúlẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí ń ṣẹlẹ̀ nínú òkun pẹ̀lú. Bí omi òkun bá fi digirí 1 péré gbóná ju ooru tí ó ga jù lọ tí ó ti mọ́ iyùn lára, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn a bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé iyùn ń funfun kárí ayé, ó sì jẹ́ ìgbà kẹrin tí wọ́n rí irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú oríṣi ẹ̀dá òkun mẹ́rin, ó tó ọ̀kan tí ó ń gbé ibi tí iyùn wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra iyùn, kí ó ra èyí tí wọ́n gbìn láti ara ẹ̀ka, kì í ṣe èyí tí wọ́n já nínú òkun.

Onílé lè pààrọ̀ omi àpótí rẹ̀. Ta ni yóò pààrọ̀ omi òkun? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iyùn rí, nínú àpótí àti nínú òkun.