Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Oògùn tó tún jẹ́ oògùn olóró

Oògùn là ń pe àgbo, oògùn náà là ń pe hóró Panadol. Ìgbà tí "olóró" bá tẹ̀lé e ni àyà ń já. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ẹ wo kodíìnì. Inú ewéko ópíọ̀mù ló ti ṣẹ̀. Bí èèyàn bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di mọfíìnì, òun ló ń pa ìrora. Ìwọ̀n tí dókítà kọ ń woni sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń da ìgò kan tẹ̀ lé òmíràn sọ́nà ọ̀fun ń dẹwọ́ èémí ara rẹ̀ ni, èémí ọ̀hún sì lè dá pátápátá. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkodíìnì àti kíkó o wọlé.

Tramadol náà ńkọ́? Oògùn ìrora gidi ni, àmọ́ àmujù rẹ̀ lè fa gìrì. Ó dùn mí pé torí kó má baà rẹ̀ wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ làwọn míì ṣe ń mu ún.

Bí ẹnì kan bá mu èyíkéyìí nínú oògùn méjèèjì yìí jù, tó ń mí díẹ̀díẹ̀, tí kò jí, ẹ má ṣe rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè gbé e lọ sí ọsibítù.