Orúkọ ìlú ni wọ́n fi ṣe orúkọ bàbá fún wọn! Bí ìdílé ṣe lè tọpasẹ̀ ọmọ tó bógun Bọ́mà lọ

Ẹ̀yin èèyàn wa l'Óṣogbo àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ọ̀rọ̀ kan. Nínú agbo ilé yín, ta ló lọ sógun Hitler? Tó bá jẹ́ pé ẹni náà padà wálé ni, ìdáhùn kì í pẹ́. Wọ́n á ní "Bàbá Ṣọ́jà" ni, wọ́n á júwe yàrá tó gbé fún yín, wọ́n á sọ bó ṣe máa ń rìn bíi pé ó ṣì wà ní páréèdì, bóyá wọ́n tiẹ̀ máa yọ àwòrán ẹ̀ wá látara ògiri. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tí kò padà wá ni, ọ̀rọ̀ á kúrú. "Ó bógun lọ." Ó parí nìyẹn. Kò sọ́dún, kò sí sàréè, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ẹ̀ kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ní ó bógun lọ yìí, ó ṣeé ṣe káwọn òyìnbó ti kọ orúkọ kan sílẹ̀ fún un níbì kan. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ tí wọ́n kọ yẹn lè má jẹ́ èyí tí ẹ̀yin mọ̀ ọ́n sí nílé. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ọmọ-ọmọ ẹ̀ fi lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Alékùwodò láàárọ̀ títí dalẹ́, kó máa tẹ orúkọ ìdílé wọn, kó má sì rí nǹkan kan.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Látìgbà tí Lugard ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ogun WAFF jọ lápá ìparí àwọn ọdún 1890, àṣà kan ti wà nínú ìwé àwọn ṣọ́jà yẹn. Ọmọkùnrin á dúró níwájú tábìlì. Akọ̀wé á ní, "Kí lorúkọ ẹ?" Ó ní, "Òjó." "Òjó ará ibo?" "Ará Òṣogbo." Ó ti tán! Ojo Oshogbo ló di nìyẹn, títí tó fi máa fi iṣẹ́ ṣọ́jà sílẹ̀ tàbí títí tó fi máa kú. Ilé bàbá ẹ̀ kò sí níbẹ̀, oríkì ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìlú ẹ̀ ti di bàbá fún un.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ọmọ ogun Nàìjíríà kan wà tó ja ogun Kamẹrúùnù lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tí wọ́n ń pè ní DCM. Belo Akure lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Òmíì wà tó ń jẹ́ Awudu Katsena. Ọmọ ogun Gold Coast tí wọ́n ní òun ló kọ́kọ́ yìnbọn fáwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí ilẹ̀ nínú ogun 1914 yẹn, nílẹ̀ Tógò, Alhaji Grunshi ni wọ́n ń pè é. Grunshi yẹn kì í ṣe orúkọ bàbá ẹ̀ o, orúkọ ẹ̀yà ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé báyìí ni wọ́n ṣe kọ orúkọ àwọn akọni tí wọ́n gbé oyè lé láyà, kí lẹ rò pé wọ́n ṣe sí orúkọ ọmọ-ogun kékeré tó lọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀?

Ẹ wá wo bó ṣe le tó fún wa níbí. Òjó mélòó ló wà l'Óṣogbo nígbà yẹn? Àìná ńkọ́? Dàda ńkọ́? Orúkọ àmútọ̀runwá kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Òṣogbo sì tún kún fún mùsùlùmí, Rájí, Láwànì àti Sùmọ́nù kò lóǹkà. Bí wọ́n bá kọ Raji Oshogbo sínú ìwé, ogún ilé lè jáde síta pé ọmọ àwọn ni.

Kò tán síbẹ̀ o. Ọmọ wa kì í sábà jókòó sójú kan. Òṣómàáló ni Ìjẹ̀ṣà, ibi tí aṣọ bá ti tà ló máa gbé e dé, tí yóò sì lóṣòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi san gbèsè ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo láti 1907, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò mọ ibi tóun máa sọ̀ kalẹ̀ sí. Àwọn Yorùbá wà ní Kùmásì, wọ́n wà ní Jọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ nílẹ̀ Gold Coast, ìwé Gold Coast ló wà, kò sí nínú ti Nàìjíríà. Ẹ máa wo nọ́ńbà iwájú orúkọ dáadáa: nínú ogun Hitler, NA ló máa ń wà níwájú nọ́ńbà àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, GC ni ti Gold Coast. Ẹni tí ẹ ń wá nínú NA láti ọdún yìí wá lè jókòó jẹ́jẹ́ sínú GC.

Àbí ẹ fẹ́ mọ ibi tí wọ́n kó wọn lọ ná? Ó lé ní 90,000 ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Dífísọ̀n 81 àti Dífísọ̀n 82 ni wọ́n pín wọn sí, ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú méjèèjì. Àwọn ará Jàpáànù ni wọ́n lọ bá jà. Ní àfonífojì odò Kaladan, kò sí ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà, ojú ọ̀run ni ọkọ̀ òfuurufú ti ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù la igbó kọjá. Ẹ̀rù ìbọn nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn náà ń pa èèyàn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó lọ síbẹ̀ ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré ni nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1942. Òun ti kàwé, ó mọ orúkọ bàbá ẹ̀ kọ, Fadoyebo ló sì wà nínú ìwé wọn. Ilé ìtọ́jú àwọn ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Nínú oṣù kẹta, ọdún 1944, àwọn Jàpáànù ká wọn mọ́ létí odò Kaladan, wọ́n da ìbọn bò wọ́n. Ìbọn ba Isaac lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ kú. Òun àti ọmọ Sàró kan tó ń jẹ́ David Kargbo ni wọ́n jọ kù sínú igbó pẹ̀lú ọgbẹ́ lára.

Ta ló gbà wọ́n là? Àgbẹ̀ mùsùlùmí kan ní abúlé itòsí ni, Shuyiman lorúkọ ẹ̀. Ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó, nígbà tó yá ó kó wọn wọ ilé ara ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn Jàpáànù wà lágbègbè yẹn o! Bí wọ́n bá mọ̀, òun àtìyàwó àtọmọ ló máa kú. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ló fi ṣe é, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé.

Isaac padà wálé, ó sì kọ ìtàn ara ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999. Ìwé yẹn ni oníròyìn òyìnbó kan, Barnaby Phillips, rí tó fi wá a kàn. Lọ́dún 2011, Phillips gbé lẹ́tà Isaac dání, ó lọ sí Bọ́mà láti lọ wá ìdílé Shuyiman. Ó lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá ìdílé ẹ̀, ó sì ka lẹ́tà ìdúpẹ́ náà fún wọn. Isaac gbọ́ kó tó jáde láyé ní oṣù kọkànlá, ọdún 2012.

Kí ló jẹ́ kí Phillips rí àwọn èèyàn yẹn nínú igbó Bọ́mà? Kì í ṣe kọ̀ǹpútà o. Isaac rántí orúkọ ẹni tó gbà á là, ó rántí orúkọ abúlé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé ìdílé kan ni wọ́n rí ní apá kejì ayé, tìtorí pé ẹnì kan di orúkọ méjì mú. Àwa tá a wà nílé níbí tí a ní oríkì, tá a ní agbo ilé, àwa la ń sọ pé a ò mọ ibi tá a máa bẹ̀rẹ̀ sí.

Àwọn tó kú sí Bọ́mà tí wọn kò rí sàréè wọn, orúkọ wọn wà lára òpó ńlá tí wọ́n ń pè ní Rangoon Memorial, nínú itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ní Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Yangon. Orúkọ tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, ọmọ Áfíríkà sì wà nínú wọn. Àjọ CWGC, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn ìlú tó wà lábẹ́ wọn, ló ń bójú tó o. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé àwọn orúkọ yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó kú nínú ogun 1914 sí 1918 ni ọ̀rọ̀ tiwọn burú jù, pàápàá àwọn aláàárù tí wọ́n kó lọ sí ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ní Nairobi, ní Mombasa àti ní Dar es Salaam, wọ́n gbé ère kalẹ̀ fáwọn ọmọ Áfíríkà tó kú, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹnì kankan lára àwọn ère náà. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2021, CWGC fúnra wọn gbé ìwádìí jáde: ó kéré tán, 116,000 èèyàn tó kú nínú ogun yẹn, tí ọmọ Áfíríkà pọ̀ nínú wọn, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, ó sì ṣeé ṣe kó tó 350,000. Ben Wallace tó jẹ́ mínísítà ààbò nígbà yẹn dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, ó tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà, nínú oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n ṣí ibi ìrántí kan ní Cape Town fáwọn adúláwọ̀ South Africa tó lé ní 1,700 tí wọ́n ti gbàgbé láti ọjọ́ yìí. Ìyẹn fi hàn pé orúkọ tó sọnù ṣì ṣeé rí, bí ìwé bá wà, tí ẹni tó máa wá a bá wà.

Bí èmi bá jẹ́ ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Alékùwodò, mi ò ní kọ́kọ́ lọ sídìí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo máa lọ. Kí lorúkọ àmútọ̀runwá ẹ̀? Kí ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí? Ṣé ó ní ìnagijẹ? Ibo ló wà kó tó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà, ta sì ni ìyàwó tó fi sílẹ̀? Orúkọ ìyàwó yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí nígbà mìíràn CWGC máa ń kọ ọ́ síwájú orúkọ ṣọ́jà pé ọkọ lágbájá ni, ọmọ lágbájá ti ìlú báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá wá orúkọ ìlú bíi pé orúkọ ìdílé ni. Ẹ má sì tẹ ẹ́ bá a ṣe ń kọ ọ́ báyìí, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà yẹn ni kẹ́ ẹ lò: Oshogbo, Ilesha, Ijesha.

Ẹ tú àpótí àtijọ́ náà wò. Àmì ẹ̀yẹ fàdákà ti ogun 1914 sábà máa ń ní nọ́ńbà àti orúkọ ṣọ́jà létí ẹ̀ yíká, tíńtín báyìí. Ìràwọ̀ Bọ́mà tó jẹ́ ti ogun Hitler kì í ní orúkọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà yẹn nínú ẹrù ìyá àgbà, ẹ mọ̀ pé ibi tí ẹ ń wá náà lẹ wà.

Àwọn kan á ní kí làǹfààní ẹ̀, ẹni tó kú ti kú. Ṣùgbọ́n nílé Yorùbá, ẹni tó bá kú sókèèrè, irun àti èékánná ẹ̀ ni wọ́n máa ń mú wálé láyé àtijọ́ kí wọ́n lè sin ín. Èyí tó lọ sí Bọ́mà, kò sẹ́ni tó mú nǹkan kan wá. Ìyàwó ẹ̀ kò mọ̀ bóyá opó lòun tàbí aya tó ń retí ọkọ. Nígbà tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀, ta ló máa dúró fún un?

Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tàtijọ́ nìkan. Ọmọ wa wà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà, àwọn kan sì ti bá ogun Ìráàkì lọ. Látìgbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukréènì ti gbóná lọ́dún 2022, a ti gbọ́ nípa ọmọ Áfíríkà tí wọ́n bá lójú ogun ibẹ̀, tí ìdílé wọn rò pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n bá lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín tó wà lókè òkun orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀, àti ẹni tó kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó lè kọ orúkọ ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí.

Fún àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí báyìí, ilé ìkówèésí ìjọba, National Archives, wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ àtijọ́ wà, títí kan àwọn tí wọ́n pè ní Oyo Prof, tó kan Iléṣà pẹ̀lú. Ẹ mú orúkọ, ìlú àti ọdún dání lọ, torí wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá sílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí èèyàn yín nínú ìwé CWGC tí wọ́n ṣi orúkọ ẹ̀ kọ, wọ́n máa ń gba àtúnṣe, ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ẹ̀rí: lẹ́tà, ìwé owó, ìwé ìgbéyàwó, ohunkóhun tí orúkọ méjèèjì bá wà lára ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá iná sun àpótí ìyá àgbà.